Sátidé Tí Mo Fẹnu Ara Mi Dá

Èmi ni mo dá Sátidé. Ẹ má wá ẹlòmíràn. Àwọn kan ń sọ káàkiri pé alága ló dá a, pé ọgbọ́n àrékérekè ni. Rárá o. Alága kò tíì la ẹnu rẹ̀ tí èmi káfíńtà fi na ọwọ́ sókè, mo húkọ́ bí adájọ́, mo ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ọjà ò bọ́ sọ́jọ́ náà, ìmọ́tótó á sì ti mú kí gbogbo èèyàn wà nílé." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Alága wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mo jókòó, mo tún fìlà mi ṣe.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, kì í fọwọ́ kan bírò lọ́jọ́ Sátidé. Ẹlẹ́sìn Júù ni. Ọkọ rẹ̀, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, ló kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà níbẹ̀, ó sì gbé e wálé. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé títí ìràwọ̀ á fi yọ lálẹ́ Sátidé, kì í dáná, kì í gbé fóònù, kì í gun ọ̀kadà, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi tí mo sì gbàgbé yìí, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀wà ni. Á gbé e ka orí èédú kí oòrùn Fúráìdé tó wọ̀, á fi eérú bo iná náà, ẹ̀wà á sùn síbẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ti jẹ ẹ̀wà yẹn débi pé ikùn mi mọ òfin àwọn Júù ju orí mi lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Ní àdúgbò wa l'Áyétòrò, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ló ń pinnu ibi tí ohun amáyédẹrùn máa wà. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wá. Wọ́n fi mí sí i nítorí pé èmi ni mo kan àwọn bẹ́ǹṣì gbọ̀ngàn, kì í ṣe nítorí ìwé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ìkẹrin lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbìmọ̀ wa yìí ló fi omi ẹ̀rọ sí ẹ̀yìnkùlé alága, tó fi jẹ́ pé obìnrin tó bá fẹ́ pọnmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Wàyí o, ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan fún wa, kí a yan ibi tí a bá fẹ́. Alága fẹ́ kó wà lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo rẹ̀. Àwọn obìnrin fẹ́ kó wà láàárín ilé, níbi tí ẹni tó ń rọbí ti lè fẹsẹ̀ rìn dé. Àbúrò mi ti fi ìró ara rẹ̀ gba ọmọ aboyún kan lẹ́bàá ọ̀nà rí, ọmọ tí kò dúró de ọ̀kadà. Kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní pálọ̀ rẹ̀ ló ń wọ ilé dé ilé, ilé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ilé Mùsùlùmí, ilé ẹni tí kò ṣe ìkankan. Ohun tí wọ́n ń sọ kò gùn: kí obìnrin méjì wọ ìgbìmọ̀ kí a tó dìbò lórí ibi tí ilé náà máa wà. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n sì dárúkọ àwọn méjì tí wọ́n yàn sínú rẹ̀, àbúrò mi, tó jẹ́ télọ̀, àti tíṣà kan tó jẹ́ Júù bíi tirẹ̀. A yí lẹ́tà náà sọ́tùn-ún, a yí i sósì. Nígbà tí a ò rí ibi gbé e gbà mọ́, a ní ó dára, kí àwọn méjèèjì wá síwájú ilé, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sínú ìwé ìgbìmọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí á dìbò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ wo? Ìgbà náà ni ọgbọ́n wọ̀ mí lára.

Láti ìpàdé ni mo ti gba ilé àbúrò mi lọ, ó ń ránṣọ lọ́wọ́.

"Àbúrò, mo ti bá yín ṣe é o! Sátidé!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Sátidé wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí."

"Ta ló dá a?"

Ìgbà yìí ni mo tó rántí ẹ̀wà.

"Ẹnì kan ni," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Káfíńtà kan."

Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. Ó kàn ká aṣọ tó ń rán, ó gbé e sórí itan. "Tí wọ́n bá ti dìbò kí á tó wọlé," ó ní, "kí la wá fẹ́ wọlé wá ṣe? Ká máa wo ara wa? Ẹ padà lọ bá wọn, Ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n sún un sí Sọ́ńdè. Ọjọ́ kan péré."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo lọ bá alága ní ilé epo rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, èmi kì í bẹ̀rù ẹni tó ń pariwo. Ẹni tó ń pariwo, èémí rẹ̀ á tán. Alága wa kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, ìwọ náà á máa bẹ̀rẹ̀ kí o lè gbọ́, títí o ó fi rí i pé ìwọ lo ti dọ̀bálẹ̀ tán.

"Káfíńtà," ó ní, "ìwọ lo dá a. Ó wà lákọsílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ṣàṣìṣe ni, sà."

"Àṣìṣe kọ́. Ọjọ́ tó dáa ni." Ó fà mí mọ́ra, ó gbé ẹnu sí etí mi. "Mo tún gbọ́ pé àwọn bàbá fẹ́ gbé Orò lọ́sàn-án Sátidé yẹn. N ò mọ̀ o. Mo kàn gbọ́ ni. Ìwọ tí o ní àbúrò obìnrin, sọ fún un kó tọ́jú ara rẹ̀."

Ó gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ epo rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yewa kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun. Bí Orò bá jáde, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á kó ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ra. Obìnrin tó bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Ìyá wa máa ń sọ ọ́ fún àbúrò mi nígbà tí a wà ní kékeré, èmi náà á sì kó sẹ́yìn ìyá wa pẹ̀lú rẹ̀, títí bàbá wa á fi wá fà mí jáde pé ọkùnrin ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dá mi lójú títí di òní.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná mì. Ní Túsìdé, mo gba iwájú ilé àbúrò mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ń wo ọ̀run bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹnu tèmi. Kí ó tó di ọ̀sán Wẹ́sìdé, ó ti yí gbogbo àdúgbò po. Àwọn obìnrin tó ti ṣèlérí pé àwọn máa bá wọn lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé àwọn ní ìrìn àjò. Ọkọ obìnrin kan wá fúnra rẹ̀ wá gba aṣọ ìyàwó rẹ̀ tí àbúrò mi kò tíì rán tán, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó ṣẹ́ kù pàdé ní pálọ̀ àbúrò mi. Wọn kò ju mẹ́jọ lọ. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹsẹ̀ ti lè tètè rí ìta. Ìyá onígàrí wà níbẹ̀, opó Mùsùlùmí kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹni tí kò sí ohun tí kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ.

"Orò tí mo ti ń tilẹ̀kùn fún láti kékeré," ó ní, "mo mọ àsìkò rẹ̀. Àsìkò rẹ̀ kọ́ nìyí. Wọ́n á kéde, ìlú á gbọ́, olóko á mọ ọjọ́ tó máa padà. Èyí, ta ló kéde rẹ̀? Ilé epo?"

"Ìyá, a ò lè béèrè," ni tíṣà wí.

"Ṣé mo ní ká béèrè ni?"

Mo gbójú sókè, mo rí i pé èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò mi ní, "obìnrin kì í béèrè ọ̀rọ̀ Orò. Ẹ̀yin nìkan ni ọkùnrin níbí. Ẹ lọ bá Bàbá tó ń ṣe olórí àwọn olórò. Ẹ bi í bóyá òótọ́ ni. Tó bá ní òótọ́ ni, a ò ní jáde, a ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Tó bá ní irọ́ ni, a máa lọ. Ìbéèrè kan péré ni."

"Màá lọ lọ́la. Ara mi ò dá lónìí."

"Ṣé ara ẹ ni ò dá," Ìyá onígàrí ní, "àbí ọkàn ẹ ni ò sí nílé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò kọjá eyín.

Mo lọ lóòótọ́ lọ́jọ́bọ̀. Mo ti ń rìn dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í hu lẹ́yìn ògiri, ó ń hu, ó ń ga, ó ń lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Inú gọ́tà ni mo bá ara mi, mo dojú bolẹ̀, mo fìlà bo ojú. Ẹ̀rọ ata ni. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló ti gbó. Obìnrin tó ń lọ ata yọjú wò mí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ sọ nù?" Mo ní ìṣó ni. Ẹ wá rò ó wò: Orò kì í gbé ọkùnrin. Ẹ̀rù rẹ̀ kò kàn mí rárá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò rántí pé ọkùnrin ni mí.

Bàbá wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yin àgbàdo. Arúgbó tín-ínrín ni, etí rẹ̀ kan wúwo díẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mú bí abẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Mo dìde. Mo la ẹnu.

"Bàbá, eélòó ni àgbàdo báyìí?"

Ó wò mí títí. "O ti apá ọ̀hún wá bi mí ní iye àgbàdo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O ò gba ọ̀nà ọjà kọjá?"

"Mo gbà á, Bàbá."

Ó mi orí, ó mú odindi àgbàdo mẹ́ta fún mi, bí ẹni ń fún ọmọ tí kò gbádùn ní nǹkan. Mo dúpẹ́, mo gbé àgbàdo mi, mo lọ.

Àbúrò mi ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni Bàbá sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Kò sọ pé Orò ń jáde?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ o."

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn." Ó yára lọ ránṣẹ́ sí àwọn yòókù pé àlàáfíà ni. Ìgbà tí mo délé ni ohun tí mo ṣe tó yé mi. Mo ti fẹnu ara mi rán ọmọ ìyá mi jáde, n kò sì mọ ohun tó wà níta.

Ní Fúráìdé, mo di aṣọ méjì sínú báàgì. Mo pinnu pé mo máa lọ wo pákó ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, pé pákó náà máa dá mi dúró títí di Mọ́ńdè. Mo ní kí n kọ́kọ́ yà kí i. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó tan àbẹ́là méjì tí wọ́n fi ń gba ọjọ́ ìsinmi wọlé, ó fi ọwọ́ bo ojú, ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Nígbà tó ṣí ojú, ó rí mi.

"Mo dárúkọ yín níbẹ̀," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé ọ̀fun mi, ó yẹ ìta wò, ó padà. Mo ní ó dàárọ̀. Báàgì yẹn ni mo fi ṣe ìrọ̀rí, àmọ́ n kò sùn. Ohunkóhun tó bá dún, àní ewúrẹ́, mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi nínú rẹ̀ pé kí n jáde.

Àárọ̀ Sátidé dé. Aago ìmọ́tótó parí, àwọn ọkùnrin tó ń lọ sí gbọ̀ngàn kọjá, lẹ́yìn wọn kò sí ẹni tó jáde. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ata tì, ilé onídìrí tì. Aṣọ tó wà lórí okùn, kò sí ẹni tó wá ká a. Kò sí igbe ọmọdé. Láàárín ọ̀nà gbọrọ yẹn, adìẹ nìkan ló ń rìn, òun náà ń yára.

Wọ́n jáde. Àwọn Júù márààrún, gèlè funfun lórí wọn, Ìyá onígàrí, àti méjì mìíràn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọn ò yára, wọn ò sì falẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀yìn, mo fi àyè sílẹ̀, bí ẹni tí ibòmíràn ló ń lọ. Ní gbogbo ihò fèrèsé tí a kọjá, ojú wà níbẹ̀.

"Júù Ayétòrò!" ọkùnrin kan pariwo láti inú ilé. "Ẹ padà o! Ohun tí ẹ ń wá, ẹ máa rí i!"

Ìyá onígàrí kò tiẹ̀ yíjú. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wo lo wà tí ohùn ẹ fi rí báyẹn?"

Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di ìkejì mú pinpin. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń bà mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló dúró lé lórí tó fi ń rìn. Mo fẹ́ pè é. Mo tún fìlà mi ṣe.

Gbọ̀ngàn kún fún ọkùnrin. Alága wà nídìí tábìlì, àwa ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́tùn-ún rẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò níwájú. Bàbá wà láàárín wọn, ó gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá, ó ń tòògbé. Alága ṣí ìwé ńlá náà, ó fi bírò sí i láàárín, ó tì í síwájú.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá. Àwọn méjì tí a dárúkọ, ẹ wá fọwọ́ ara yín kọ orúkọ."

Àbúrò mi kúnlẹ̀ kí ilé, ó dìde. "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bàbá mi mọ̀ pé àwa kì í kọ̀wé lónìí. A wá fi ẹnu sọ orúkọ wa, kí ilé gbọ́. Lọ́la, a máa wá fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ìbò náà dúró di ọ̀la."

"Ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀," alága ní jẹ́jẹ́, "báwo ló ṣe máa bá wa kọ́lé?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó wo aago ara ògiri. "N ò lé yín o. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ọ̀sán sì ti dé. Ẹ lọ sílé, kí ojú yín má baà rí ohun tí kò yẹ kó rí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jẹ́ ká dìbò."

Àwọn méjì tí wọ́n wà lẹ́yìn Ìyá onígàrí yíra padà, wọ́n sáré jáde. Tíṣà gbá àbúrò mi lápá mú. Ẹnì kan lọ ti fèrèsé. Àbúrò mi kò lọ, ó yíjú wá mi kàn láàárín àwọn ọkùnrin.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ẹ béèrè?"

Mo dìde. N kò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Mo di bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn mú.

"N ò béèrè," mo ní. "Àgbàdo ni mo béèrè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú àbúrò mi ni n kò lè wò. Mo kọjú sí iwájú.

"Káfíńtà, jókòó," alága ní.

Ẹ̀rù alága bà mí. Ẹ̀rù Bàbá bà mí. Ẹ̀rù ohun tó lè wà níta bà mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti le, kò ṣeé ká, ǹ bá ti jókòó ká ní mo lè jókòó. Mo bá pariwo nítorí etí Bàbá tó wúwo: "Bàbá! Ẹ forí jì mí! Ṣé Orò ń jáde lónìí?"

Bàbá gbé àgbọ̀n kúrò lórí ọ̀pá. Ó wo àwọn obìnrin, ó wò mí.

"O béèrè ìyẹn níwájú obìnrin?"

"Bàbá, ẹ gbà mí. Wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni."

"Lẹ́nu ta ni?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú kò ní ìjánu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú inú gbọ̀ngàn yẹn yí lọ sórí tábìlì. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ewé kan nínú ìwé.

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ dìde, ó pẹ́ kó tó nà tán. Kò gbé ohùn sókè.

"Èmi ni mo ń pè é ní àdúgbò yìí," ó ní, "mi ò pè é. Orò kì í bá alága dìbò. Pa ìwé yẹn dé, ó di ọ̀la."